Káàdì Wi-Fi wo ni kí n rà fún desktop tòkunbọ̀ mi, ṣé mo lè fi í sínú rẹ̀ fúnra mi?

Onítẹ̀wé_Sángo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sángo, Ìbàdàn. Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé tẹ èsì ìdánwò wọn jáde. Dell OptiPlex 7010 tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, tòkunbọ̀ ni, kò sì ní Wi-Fi nínú. Inú ilé ni ráútà wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín wa. Nǹkan kékeré kan bí èékánná ni wọ́n tà fún mi pé kí n kì bọ ihò USB lẹ́yìn CPU. Láàárọ̀, ó ń ṣe dáadáa. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á já, á tún so, á tún já. Lánàá, ọmọ kan jókòó tì mí fún ìṣẹ́jú 40 kí ojú ewé kan ṣoṣo tó ṣí, ọ̀nà jíjìn ló sì ti wá. Ó dùn mí gan-an.

Wọ́n ní kí n lọ ra káàdì tí wọ́n máa ń fi sínú CPU gangan. Èwo ni kí n rà? N kò tí ì ṣí CPU rí láyé mi.

Alágbàwí_Ráútà:
Ẹ kú ọjà o. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta, kí ẹ sì padà wá sọ fún wa. Ẹ wo ìdí ráútà yẹn, kí ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ẹ fi fóònù yín wo iye orúkọ Wi-Fi tó ń jáde láti ara rẹ̀, ṣé ọ̀kan ni àbí méjì. Kí ẹ sì wo Windows yín, ṣé 7 ni àbí 10, ṣé 64-bit ni.

Mo ń béèrè nítorí pé ọ̀rọ̀ Wi-Fi, tọ̀túntòsì ni. Káàdì tó dára jù lọ lágbàáyé kò lè gba ohun tí ráútà kò fi ránṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó ra káàdì olówó ńlá, tí ráútà ilé rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí kò mọ̀ ju ìgbì 2.4 GHz lọ. Owó yẹn kò ṣe é ní àǹfààní kankan.

Wáyà_Ló_Dájú:
Ọmọ mi, má bínú pé mo dá sí i. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra ní ọ́fíìsì àwọn ènìyàn. Tó bá jẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń pawó ni, wáyà ni kó fà. Wáyà nẹ́tíwọọ̀kì Cat5e tàbí Cat6 á gbé e dé mítà 100 láìsí wàhálà, òjò, ògiri, Wi-Fi aládùúgbò, kò sí èyí tó kàn án. OptiPlex rẹ ti ní ihò wáyà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, kò ní ná ọ ju owó wáyà lọ.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Onílé ló ní òun kò fẹ́ kí wọ́n lu ògiri òun, kò sì sí ojú fèrèsé kankan tó kọjú sí ilé láti ṣọ́ọ̀bù. N kò fẹ́ bá wọn fa ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin Alágbàwí, mo ti wò ó. AC1200 ni wọ́n kọ sí ìdí ráútà. Orúkọ méjì ló ń jáde, ọ̀kan ní 5G lẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu, torí SIM 4G ló wà nínú rẹ̀. Windows 10 ni tèmi, 64-bit. Tí mo bá fi fóònù dán laini wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ó máa ń tó Mbps 20 sí 25.

Alágbàwí_Ráútà:
5G tó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn kò bá 5G orí òpó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tan rárá. Ti òpó, ìran karùn-ún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ti ara Wi-Fi, ìgbì 5 GHz ni. Ohun tí ẹ sọ yìí dùn mọ́ mi nínú, torí ó fi hàn pé ráútà yín lè ṣe ìgbì méjèèjì, a sì lè yan káàdì tó bá a mu.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń dára láàárọ̀ tó sì ń bàjẹ́ lọ́sàn-án. 2.4 GHz ni nǹkan kékeré yín ń lò, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbì yẹn máa ń wọ inú ògiri dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń lò ó: Wi-Fi àwọn ará ọjà, Bluetooth, títí kan máíkrówéèfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná. Ọ̀nà tí kò gun ara wọn nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, 1, 6 àti 11. Tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá ti ṣí tán, ẹ ti di èrò ọkọ̀ kan ṣoṣo. 5 GHz láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ ògiri máa ń dín agbára tirẹ̀ kù ju ti 2.4 lọ.

Mama_Kọ́ìlì:
Kí ẹ tó ná owó káàdì, ẹ jẹ́ kí n dábàá ohun tí kò wọ́n. Ihò USB wo lẹ ki nǹkan náà bọ̀? Tó bá jẹ́ èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù ni, USB 3.0 nìyẹn. Iṣẹ́ USB 3.0 máa ń da ariwo sínú ìgbì 2.4 GHz, pàápàá bí ẹ bá ki háàdì ìta tàbí fláàṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ihò dúdú. Kí ẹ sì ra wáyà ìfàgùn USB tó tó mítà kan, kí ẹ fi gbé e kúrò lẹ́yìn irin CPU wá sórí tábìlì. Èmi ti rí i tí ìyẹn nìkan yanjú ọ̀rọ̀ fún oníbàárà mi méjì.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Búlúù ni lóòótọ́! Mo ti gbé e sí dúdú, mo sì ti yá wáyà ìfàgùn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó dín kù. Kò já mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àná náà ó já lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí èrò pọ̀. Mo ṣì fẹ́ ra káàdì yẹn. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi.

Alágbàwí_Ráútà:
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ rírà.

Nọ́ńbà ńlá ojú páálí, àròpọ̀ ni. AC1200 ni 300 ti 2.4 GHz àti 867 ti 5 GHz tí wọ́n ro pọ̀, tí wọ́n sì fi kún un díẹ̀ kó lè dọ́gba. Káàdì yín kò ní lo méjèèjì papọ̀. Mbps náà, bit ni, kì í ṣe byte. Bit 8 ló ń di byte 1, nítorí náà laini Mbps 20 yín kò lè gbé ju megabyte 2.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì yòówù kí ẹ rà. Ohun tí ẹ ń wá kì í ṣe eré àsápajúdé. Ohun tí kò ní já lójú oníbàárà lẹ ń wá.

Tó bá jẹ́ èmi, káàdì PCIe (irú èyí tó ń wọ ihò inú CPU) tó ní Intel AX200 lórí ni màá rà. Wi-Fi 6, ìran kẹfà Wi-Fi, ni, ráútà yín sì jẹ́ Wi-Fi 5, àmọ́ wọ́n máa gbọ́ ara wọn yé, káàdì á kàn sọ̀kalẹ̀ sí 867 ti ráútà. Kì í ṣe torí 6 yẹn ni mo ṣe yàn án. Intel máa ń gbé dráíbà rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì) jáde fúnra wọn, áńtẹ́nà rẹ̀ jẹ́ méjì, bí ẹ bá sì pààrọ̀ ráútà lọ́jọ́ iwájú, kò ní di ohun ìgbàgbé. Windows 10 tàbí 11 tó jẹ́ 64-bit ni dráíbà rẹ̀ wà fún, ẹni tó bá ṣì wà lórí Windows 7, kó má rà á.

Tí owó kò bá tó, káàdì AC1200 aláńtẹ́nà méjì tó fún yín. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ lé ni aláńtẹ́nà kan tí wọ́n kọ N150 sí lára. 2.4 GHz nìkan ni, ibi tí ẹ ti ń sá náà ni yóò dá yín padà sí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi AX210 tàn yín pé ó ju AX200 lọ. Òótọ́ ni pé ó ní 6 GHz, ṣùgbọ́n ráútà tó ní 6 GHz àti Windows 11 ló fẹ́, OptiPlex 7010 àtijọ́ bíi tiyín kò sì sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11. Tí iye wọn bá dọ́gba, ẹ mú un. Tí kò bá dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀.

Àǹtí_Modábọ́ọ̀dù:
Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí àwọn ènìyàn kì í rántí títí wọ́n á fi dé ilé. CPU tẹ́ẹ́rẹ́ ni tiwọn. Irin pẹlẹbẹ tó ń di káàdì mú mọ́ ẹ̀yìn CPU, oríṣi méjì ló wà: gígùn, tó tó sẹ̀ǹtímítà 12, àti kúkurú, tó tó bíi 8. Ti gígùn kò ní wọ CPU tẹ́ẹ́rẹ́ láéláé. Káàdì tó dára máa ń kó méjèèjì sínú páálí. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà ṣí páálí lójú yín, kí ẹ fi ojú rí irin kúkurú yẹn kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ sì yan èyí tí áńtẹ́nà rẹ̀ ní wáyà àti ìdí onímágínẹ́ẹ̀tì, tó ṣeé gbé sórí tábìlì. Áńtẹ́nà tó bá gan mọ́ ẹ̀yìn CPU, irin CPU ló kọ́kọ́ ń dí i lójú. Bí ẹ bá ti CPU sábẹ́ tábìlì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí ògiri, inú kòtò lẹ gbé áńtẹ́nà sí.

Ọmọ_Linux:
Fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tó sì ń lo Ubuntu tàbí Mint: AX200 ti wà nínú kernel (ọkàn Linux) láti 5.1, AX210 láti 5.10. Ẹ kàn fi sí i, ó ti ṣe tán. Lórí àwọn USB kan tó ní Realtek, mo ti jókòó di òru nítorí dráíbà. Ẹ tẹ `lspci -nn` kí ẹ rí ohun tó wà lórí káàdì gan-an, ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí páálí.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Mo ti rà á o! AX200, irin kúkurú wà nínú páálí, áńtẹ́nà onímágínẹ́ẹ̀tì náà wà. Ọlọ́jà kọ́kọ́ mú irin gígùn nìkan jáde, èmi ni mo béèrè kúkurú, ó wo ojú mi, ó sì lọ mú un wá. Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ wá kọ́ mi bí màá ṣe fi sí i. Ọ̀la Sunday, ṣọ́ọ̀bù máa wà ní títì.

Àǹtí_Modábọ́ọ̀dù:
Mo yọ̀ fún yín. Ẹ má bẹ̀rù, èmi náà kò bí i mọ́ mi.

Ẹ lọ sínú Windows, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá, kì í ṣe kó kàn sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà iná. Mo ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ má kàn pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan gbàgbé pé UPS tàbí ínfátà ṣì ń gbé iná wá nígbà tí NEPA ti mú tiwọn lọ. Nígbà tí wáyà ti kúrò, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan CPU mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde.

Ẹ dùbúlẹ̀ CPU sórí tábìlì igi. Ẹ má ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ di irin ara àpótí náà mú, irin tí kò ní ọ̀dà. Mánàmáná kékeré máa ń wà lára wa, àgàgà nígbà ọyẹ́, nígbà tí aṣọ bá ń ta páú páú bí ẹ bá ń bọ́ ọ. Ìwọ̀nba tó ń ta ènìyàn lásán lè pa ohun tó wà lórí modábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú CPU. Ẹ máa di káàdì mú ní etí, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà.

Kí ẹ tó mú káàdì wọlé, ẹ pààrọ̀ irin gígùn sí kúkurú. Síkúrù méjì péré ni. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀: lára àwọn káàdì kan, wáyà tín-ínrín méjì ló so pátákó káàdì pọ̀ mọ́ orí áńtẹ́nà tó wà lára irin. Ẹnu wáyà náà kò tóbi ju ẹyin èèrà lọ. Tó bá yọ, ẹ gbé e lé ibi tó ti yọ, kó dúró gangan, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kẹ́. Tó bá dá gẹ̀rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, á fọ́.

Ẹ máa rí i pé ẹnu káàdì yín kéré, bí ìwọ̀n àtàǹpàkò, ihò modábọ́ọ̀dù yín sì gùn. Kò burú. Káàdì PCIe kékeré máa ń wọ ihò PCIe gígùn, á ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èyí tí kò wọ̀ ni ihò PCI àtijọ́, tó máa ń funfun lára ọ̀pọ̀ modábọ́ọ̀dù àtijọ́. Ibi tí wọ́n gé lẹ́nu wọn kò bára mu, bí ẹ bá rí i pé ó ń kọ̀, ẹ má fipá ṣe é. Ẹ yọ irin ìdábùú kékeré tó dí ojú ihò náà lẹ́yìn CPU, ẹ tẹ káàdì wọlé ní gbọọrọ títí ẹnu wúrà rẹ̀ kò fi hàn mọ́, kí ẹ sì dè é mú.

Tí wọ́n bá fún yín ní wáyà tó ní ihò 9 lẹ́nu, ti Bluetooth nìyẹn. Orí USB tó wà nínú modábọ́ọ̀dù ló ń lọ. Wi-Fi kò nílò rẹ̀. Bí ẹ kò bá lo Bluetooth, ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí.

Ẹ fi ọwọ́ yí áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀yìn káàdì, ẹ má lo páláyà. Ẹ dé CPU padà, kí ẹ tó dá wáyà iná padà.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Mo ti ṣe é, àmọ́ kò sí Wi-Fi. Nínú Device Manager, mo rí àmì ìyanu ofeefee lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kan tí wọ́n pè ní Network Controller. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Àǹtí_Modábọ́ọ̀dù:
Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ lẹ mú wá yìí. Bó bá jẹ́ pé kò wọlé dáadáa ni, Windows kò ní rí ohunkóhun rárá. Ó ti rí i, dráíbà ni kò sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, ẹ yan Hardware Ids, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa.

Onítẹ̀wé_Sángo:
PCI\VEN_8086&DEV_2723, ó tún gùn síwájú sí i.

Alágbàwí_Ráútà:
8086 ni Intel, 2723 sì ni AX200. Ojúlówó lẹ rà. Ká ní 10EC lẹ rí ni, Realtek ni wọ́n ìbá fi bo yín lójú, 14C3 sì ni MediaTek.

Ẹ fi wáyà so fóònù Android yín mọ́ CPU, ẹ lọ sí ibi hotspot nínú settings fóònù, kí ẹ tan USB tethering. Windows á rí i bí ẹni pé wáyà nẹ́tíwọọ̀kì ni. Ẹ lọ sí ojú-òpó Intel gangan, ẹ gba dráíbà Wi-Fi ti Windows 10 64-bit sílẹ̀. Ẹ má gbà á níbi tí wọ́n ti ń ní kí ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn sórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni àìsàn kọ̀ǹpútà ti ń wọlé.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Ó ti wọlé! Ó rí Wi-Fi! Ṣùgbọ́n Mbps 9 ni mo ń rí níbi tí fóònù ti ń rí 22.

Alágbàwí_Ráútà:
Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `netsh wlan show interfaces`. Kí ni wọ́n kọ sí iwájú Channel àti Signal? Níbo lẹ gbé áńtẹ́nà sí?

Onítẹ̀wé_Sángo:
Channel 6, Signal 54%. Áńtẹ́nà wà lórí CPU, lábẹ́ tábìlì.

Alágbàwí_Ráútà:
Channel 6, 2.4 GHz ni ẹ ṣì wà. Ẹ yan orúkọ tó ní 5G lẹ́yìn, kí ẹ sọ fún Windows pé kó gbàgbé èkejì. Kí ẹ gbé áńtẹ́nà sí òkè, sí ìhà ibi tí ilé wà, kó jìnnà sí pírínta àti sí páànù.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Mo gbé e sórí pẹpẹ tí mo ń kó rímù ìwé sí. Channel 44, Signal 71%. Mbps 21! Mo ṣí ojú ewé mẹ́fà papọ̀, gbogbo wọn ló ṣí.

Mama_Kọ́ìlì:
Ẹ kú oríire! Ẹ tún ṣe ìkan yìí kí ẹ má bàa padà wá ké lọ́la: nínú Device Manager, lórí káàdì náà, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú ibi tí wọ́n ti ní kí kọ̀ǹpútà máa pa á láti fi iná pamọ́. Tí oníbàárà bá dákẹ́ díẹ̀, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí Wi-Fi sùn, tí kò sì ní tètè jí.

Ọmọ_Ìlọrin:
Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Modábọ́ọ̀dù tèmi jẹ́ tuntun, AMD ni, mo sì rí ihò kékeré kan tí wọ́n kọ M.2 WIFI sí. Wọ́n ń ta AX201 fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

Alágbàwí_Ráútà:
Àbúrò, má rà á. AX200 àti AX201 jọra lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ AX201 ti pín sí méjì, ìdajì rẹ̀ wà nínú modábọ́ọ̀dù Intel tó ní ohun tí wọ́n ń pè ní CNVi. Lórí AMD, á wọ ihò náà, kò sì ní ṣiṣẹ́. Nítorí ẹ̀ ló ṣe pọ́ọ́kú. AX200 tàbí AX210 ni kó o béèrè. Rántí ra wáyà áńtẹ́nà méjì pẹ̀lú rẹ̀, torí káàdì ihò M.2 kì í sábà mú áńtẹ́nà wá.

Onítẹ̀wé_Sángo:
Ọ̀sẹ̀ kan pé lónìí. Kò já rí. Wáyà ìfàgùn USB yẹn, mo ti dá a padà fún aládùúgbò mi, òun náà sì ti ní kí n wá bá òun ṣí CPU òun ní Sunday tó ń bọ̀. Tiẹ̀, HP Compaq àtijọ́ ni, ihò funfun gígùn kan wà nínú rẹ̀ àti dúdú kékeré kan. Àǹtí, dúdú kékeré yẹn ni kí n lò, àbí?

Àǹtí_Modábọ́ọ̀dù:
Òun ni. Ẹ ṣáà wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí modábọ́ọ̀dù kó tó ra káàdì, kó jẹ́ PCIe tàbí PCI Express ni wọ́n kọ síbẹ̀.